Wọ́n Ta Ilẹ̀ Kí Wọ́n Tó Wọ̀n Ọ́n

Odò Scioto la ìlú Columbus já, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Ilé mi wà ní apá ìwọ̀ oòrùn odò náà, ọ́fíìsì tí mo ti ń yẹ ìwé ilẹ̀ wò fún àwọn tó fẹ́ ra ilé sì wà ní apá ìlà oòrùn, nítorí náà kò sí ọjọ́ iṣẹ́ tí n kì í gba orí afárá kọjá ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí ojú mi tó là sí ohun kan: ìwé ilẹ̀ apá ilé mi kì í sọ̀rọ̀ bí ìwé ilẹ̀ apá ọ́fíìsì mi. Èyí tó bá ti apá ìlà oòrùn wá a máa sọ̀rọ̀ bí ìṣirò: ìpín kan, ìdajì ìpín, ìdá mẹ́rin ìpín, gbogbo rẹ̀ ní igun mẹ́rin tó gún régé. Ṣùgbọ́n bí mo bá tọ ipasẹ̀ ìwé kan láti apá ìwọ̀ oòrùn lọ sẹ́yìn títí dé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, inú igbó ni mo máa ń bá ara mi. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ a ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi ṣúgà méjì àti igi bíìṣì kan létí odò, kí a kọrí sí àríwá títí dé ìdí igi óòkù funfun, kí a yà sí ìlà oòrùn fún iye ọ̀pá báyìí títí dé ìdí igi híkọ̀rì tí wọ́n fi àáké sá lára, kí a sì máa yí i ká bẹ́ẹ̀ títí a ó fi padà sí ìdí igi tí a ti gbéra. Àwọn igi náà ti wó, wọ́n ti jẹrà, ọ̀dà títì ti bo ibi tí gbòǹgbò wọn wà, síbẹ̀ orí wọn ni ẹ̀tọ́ ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù dúró lé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìdí tí odò kan ṣoṣo fi ya irú ìwé méjì bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Ohun tí mo rí ni mo ń kọ síhìn-ín, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti ra ilé ní orílẹ̀-èdè yìí ni kò mọ bí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé wa ṣe di ohun títà.

Ohun èlò tí wọ́n fi pín ilẹ̀ tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ kò ju ẹ̀wọ̀n irin lọ. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Edmund Gunter ló gbé e jáde ní ọdún 1620. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 66, ìsokọ́ra 100 ló sì wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú ìwọ̀n yìí wú mi lórí gan-an. Bí a bá na ẹ̀wọ̀n náà nígbà 80, a ti rin máìlì kan gééré. Bí a bá sì mú ilẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n 10, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n 1, éékà kan nìyẹn, kò lé, kò dín. Ọ̀pá mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀wọ̀n kan, ìdí nìyí tí ọ̀pá fi kún inú àwọn ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀.

Ènìyàn méjì ló ń fa ẹ̀wọ̀n náà, wọ́n á sì ti búra kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án pé àwọn kò ní ṣe èrú. Ẹni iwájú a kó èèkàn irin tẹ́ẹ́rẹ́ dání, a fa ẹ̀wọ̀n lọ títí yóò fi le dáadáa, a sì gún èèkàn kan mọ́lẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn a rìn dé ìdí èèkàn náà, a fà á tu, a sì tún di ẹ̀wọ̀n mú níbẹ̀ kí èkejì rẹ̀ lè máa fà á lọ síwájú. Iye èèkàn tó bá wà lọ́wọ́ ẹni ẹ̀yìn ni iye ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti nà. Ẹnì kẹta a mú àáké, a máa sá àwọn igi tó wà lójú ọ̀nà lára, a sì sá igi tó bá bọ́ sí igun ilẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, kí ó lè dúró bí ẹlẹ́rìí. Awọnlẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tí a ń pè ní sọ́fíyọ̀, a dúró ti kọ́ńpáàsì tó gbé ka orí ọ̀pá kan, a máa wo abẹ́rẹ́ inú rẹ̀, a sì máa kọ ohun tó bá rí sínú ìwé pélébé. Nílé, pèrègún ni àwọn bàbá wa fi ń sàmì sí ààlà, nítorí pé pèrègún kì í tètè kú, ẹni tó bá sì rí i mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ló gbìn ín. Igi óòkù inú igbó kò ní àmì kankan ju ojú àáké lọ. Bí èèpo bá ti bo ojú àáké náà, ó ti padà di igi láàárín igi.

Àṣìṣe kò sì jìnnà sí iṣẹ́ náà. Bí ìsokọ́ra ẹ̀wọ̀n bá ti ń jẹ nítorí lílò, ẹ̀wọ̀n á máa gùn sí i. Lórí òkè, ó yẹ kí wọ́n gbé ẹ̀wọ̀n dọ́gba sínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ̀ a tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, iye tó kọ á sì ju iye tó wà níbẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì pẹ̀lú kì í tọ́ka sí àríwá gan-an. Ibi tó ń tọ́ka sí a máa yí díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, débi pé ìlà tí wọ́n fà ní 1780, bí ọmọ ẹni tó fà á bá fi kọ́ńpáàsì kan náà tọ̀ ọ́ ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà, yóò gbé e wọ oko olóko. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú a máa fi ìràwọ̀ yẹ abẹ́rẹ́ wò. Ní 1791, nígbà tí Andrew Ellicott ń wọn ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ olú ìlú Amẹ́ríkà sí, onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì 10, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Benjamin Banneker, ẹni ọdún 59 tó fúnra rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ ní ìmọ̀ ìràwọ̀, ló ń bá a wo ojú ọ̀run ní òru fún oṣù díẹ̀ kí ìlà náà lè tọ́. Inú mi máa ń dùn nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú igbó Ohio àti ti Kentucky, tó wà ní gúúsù odò Ohio, àwọn tó ráyè wo ìràwọ̀ kò pọ̀.

Àṣìṣe ẹ̀wọ̀n àti ti abẹ́rẹ́ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣìṣe òfin. Virginia, ìpínlẹ̀ kan létí òkun tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, tó ń pe gbogbo ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ní tirẹ̀, ti mú un láṣà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìwé ni ó ń fún ènìyàn, kí onítọ̀hún lọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ilẹ̀ tí yóò fi ìwé náà gbà. Láti 1618, ẹni tó bá san owó ọkọ̀ ojú omi fún ènìyàn kan láti wá sí Virginia ní ẹ̀tọ́ sí éékà 50 lórí ẹni náà. Kò pẹ́ rárá tí àwọn olówó fi ń gba éékà 50 lórí ọmọ Áfíríkà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rà lẹ́rú, èyí kò sì dáwọ́ dúró títí di 1699. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ wọ̀nyẹn, wọ́n kọ orúkọ àwọn òyìnbó tí wọ́n kó wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan àwọn ènìyàn wa, wọ́n kàn kọ pé Negro ni. Ẹni tí wọ́n jí gbé kọjá òkun ni wọ́n fi gba ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yóò máa ro fún ẹlòmíràn títí ọjọ́ ikú rẹ̀. N kò lè kọ nípa ìwé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí n fo èyí.

Nígbà Ogun Òmìnira tí Amẹ́ríkà fi kúrò lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, owó tán lápò Virginia, ilẹ̀ ni ó sì kù tí yóò fi san gbèsè. Òfin tó ṣe ní 1779 ní kí ẹni tó bá ti tẹ̀dó sí Kentucky kí ọdún 1778 tó bẹ̀rẹ̀ gba éékà 400, kí ó sì ní àǹfààní láti kọ́kọ́ ra 1,000 éékà mìíràn tó bá tirẹ̀ pààlà. Ẹni tí kò tẹ̀dó rárá lè jókòó sílé rẹ̀ létí òkun kí ó fi £40 ra ìwé àṣẹ fún 100 éékà, owó bébà tí iye rẹ̀ ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́ sì ni wọ́n ń gbà. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀: kí a ra ìwé àṣẹ, kí a forúkọ ibi tí a fẹ́ sílẹ̀, kí awọnlẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n, kí gómìnà fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́. Wàhálà wà nínú ìgbésẹ̀ kejì. Ẹni tó ń fẹ́ ilẹ̀ ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ júwe rẹ̀, kò sì sí àwòrán kankan nílé ìjọba tí ẹnikẹ́ni lè gbé ìjúwe náà lé láti mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀. Ẹnì kan a ní òun fẹ́ ilẹ̀ tó wà lókè orísun omi tí ẹfọ̀n ti ń mu. Ẹlòmíràn tó gba ẹ̀yìn òkè wọlé á fún orísun omi náà lórúkọ mìíràn, á sì forúkọ sílẹ̀ fún un. Ìjọba kò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ilẹ̀ tó kù tó ìwé tó ń tà. Nígbà tí ìwé ẹ̀tọ́ fi jáde tán, ilẹ̀ Kentucky ti gun ara wọn bí páànù orí ilé ṣe ń gun ara wọn, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ibì kan náà, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé tó ní èdìdì ìjọba.

Daniel Boone ni mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ fún àwọn tó ń bi mí, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ igbó náà tó o. Ní 1774, nígbà tí ogun fẹ́ bẹ́, òun àti Michael Stoner ni wọ́n rán lọ kìlọ̀ fún àwọn awọnlẹ̀ tó wà nínú igbó Kentucky kí wọ́n máa sá bọ̀, wọ́n sì rìn tó nǹkan bí 800 máìlì ní nǹkan bí oṣù méjì. Ní 1775, òun ló ṣáájú àwọn tó la ọ̀nà gba àárín òkè Cumberland Gap wọ Kentucky. Ní 1780, àwọn aládùúgbò rẹ̀ kó owó lé e lọ́wọ́ pé kí ó bá àwọn ra ìwé àṣẹ ní Virginia; ó sùn sí ilé èrò kan lójú ọ̀nà, olè sì kó gbogbo owó náà lọ. Nígbà tó yá, òun náà di awọnlẹ̀, ó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, ó sì ní ilẹ̀ tirẹ̀ káàkiri lórí ìwé. Ẹjọ́ kó wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di 1799, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Missouri, tó wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà. Wọ́n fún un nílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Amẹ́ríkà gba àgbègbè náà, wọ́n ní ìwé rẹ̀ kò pé, àfi ìgbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, dá díẹ̀ padà fún un ní 1814. Ẹni tó lànà sínú igbó kò rí ibì kan jókòó sí nínú rẹ̀.

Síbẹ̀ àánú Boone kò gbọdọ̀ bo ohun tó tóbi ju tirẹ̀ lọ mọ́ wa lójú. Igbó tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń bá ara wọn jà lé lórí ní àwọn tó ń ṣọdẹ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé létí odò tó yí i ká. Ní 1768, ní Fort Stanwix, àwọn Iroquois, lára àwọn ẹ̀yà tó ti ń gbé ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, tí wọ́n wà lọ́nà jíjìn ní New York ló bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn, tí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ gúúsù odò Ohio. Àwọn Shawnee, ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n ń ṣọdẹ níbẹ̀, kò fọwọ́ sí i. Ní 1775, Richard Henderson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹrù ọjà fún àwọn àgbà ẹ̀yà Cherokee ní Sycamore Shoals, wọ́n sì ní àwọn ti ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù éékà. Dragging Canoe, tí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn àgbà tó gbà láti tà á, dìde tako ọjà náà, kò sì dáwọ́ ogun dúró títí tó fi kú. Virginia fúnra rẹ̀ padà sọ pé ọjà Henderson kò bófin mu, àmọ́ kò dá ilẹ̀ padà fún Cherokee. Ó fún ẹgbẹ́ Henderson ní 200,000 éékà gẹ́gẹ́ bí ìtùnú, ó sì pa ìyókù mọ́ fún ara rẹ̀.

Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Kentucky. Òfin tó ṣe ní oṣù karùn-ún ọdún 1785 yí ètò padà: kí a kọ́kọ́ wọn ilẹ̀, kí a tó tà á. Wọ́n ní kí wọ́n pín ilẹ̀ àríwá odò Ohio sí onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ máìlì mẹ́fà, èyí tí wọ́n ń pè ní township, kí wọ́n sì tún pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìpín 36 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 640 éékà. Ìpín kẹrìndínlógún jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ nínú gbogbo township. Mo fẹ́ràn òfin kékeré yìí púpọ̀, pé ẹni tí kò tíì rí igbó náà rí ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé ìwé àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí. Ṣùgbọ́n dọ́là kan ni iye tó kéré jù fún éékà kan, ìpín odindi sì ni ẹni tó ń dá ra gbọ́dọ̀ rà, ìyẹn 640 dọ́là; kò sí àgbẹ̀ tálákà tó lè rí iye bẹ́ẹ̀ kó jọ nígbà náà. Ìgbà tó di 1820 ni wọ́n tó jẹ́ kí ènìyàn lè ra 80 éékà ní dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25 fún éékà kan.

Thomas Hutchins, olórí awọnlẹ̀ ìjọba, ni wọ́n rán lọ wọn ilẹ̀ náà. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 1785, ó gbé kọ́ńpáàsì rẹ̀ kalẹ̀ létí odò Ohio, ní ibi tí ààlà Pennsylvania ti kan omi, nítòsí ibi tó di East Liverpool lónìí, ó sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Nǹkan bí máìlì mẹ́rin péré ni wọ́n lọ kí ìròyìn ogun tó lé wọn padà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn Shawnee kò sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn fọwọ́ sí àdéhùn Fort McIntosh ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, wọ́n sì mọ ohun tí ọkùnrin tó bá gbé ẹ̀wọ̀n wọ igbó wá ṣe. Lẹ́yìn ọdún kan, ológun ló ń ṣọ́ àwọn awọnlẹ̀. Ọdún 1795 ni wọ́n tó ṣe àdéhùn Greenville, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun àwọn onílẹ̀ ní Fallen Timbers, tí àwọn onílẹ̀ sì yọ̀ǹda ìhà gúúsù àti ìlà oòrùn Ohio. Ní Kentucky, wọ́n ta ilẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ní Ohio, wọ́n wọ̀n ọ́n kí onílẹ̀ tó fi í sílẹ̀.

Báwo wá ni ìwé apá ilé mi kò ṣe rí bíi ti òfin 1785? Nígbà tí Virginia fi ilẹ̀ àríwá odò Ohio lé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ ní 1784, ó ní kí wọ́n fi gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín odò Scioto àti odò Little Miami sílẹ̀ fún òun láti san ẹ̀san fún àwọn ológun rẹ̀, bí ti Kentucky kò bá tó. Ológun lásán tó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní ẹ̀tọ́ sí 100 éékà. Ọ̀gágun kápúténì ní 4,000. Ètò àtijọ́ ni wọ́n bá wọ ibẹ̀: ìwé àṣẹ lọ́wọ́, àáké léjìká, igi óòkù bí ẹlẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ ológun kò dé ibẹ̀ rárá. Wọ́n ti ta ìwé wọn ní ẹ̀dínwó fún àwọn oníṣòwò ilẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ ló jèrè jù, nítorí pé apá kan nínú ilẹ̀ tí wọ́n bá wọ̀n ni wọ́n fi ń sanwó fún wọn. Nathaniel Massie ti ń wọn ilẹ̀ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1790, nígbà tí Greenville kò tíì wáyé, ó sì di olówó ilẹ̀ ńlá. Lucas Sullivant, awọnlẹ̀ bíi tirẹ̀, dá Franklinton sílẹ̀ ní etí ìwọ̀ oòrùn Scioto ní 1797, àgbègbè tó ti di ara Columbus báyìí, tí kò jìnnà sí ilé mi. Etí kejì odò jẹ́ ti Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, onígun mẹ́rin lórí onígun mẹ́rin. Ìdí tí ìwé fi rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù lójú tèmi ni Thomas Lincoln, àgbẹ̀ àti káfíńtà. Ó ní oko mẹ́ta ní Kentucky tẹ̀léra, kò sì sí èyí tí ìwé rẹ̀ kò mú wàhálà wá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 1816, ó kó ìdílé rẹ̀ sọdá odò Ohio lọ sí Indiana, níbi tí wọ́n ti fi onígun mẹ́rin pín ilẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ ìjọba gan-an ni yóò ti rà á. Ọmọ rẹ̀ Abraham, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, kọ̀wé nígbà tó dàgbà pé ìkónilẹ́rú wà lára ohun tó lé wọn kúrò, ṣùgbọ́n wàhálà ìwé ilẹ̀ Kentucky ni olórí ohun tó fà á. Ọmọ náà ra kọ́ńpáàsì àti ẹ̀wọ̀n ní Illinois nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ó sì ṣe awọnlẹ̀ fún ọdún díẹ̀ kí ó tó di agbẹjọ́rò.

Lóṣù tó kọjá, tọkọtaya kan láti Ìbàdàn wá sí ọ́fíìsì nípa ilé kan tí wọ́n fẹ́ rà ní apá ìwọ̀ oòrùn. Ìyàwó ka ìwé náà dé ibi tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà ilẹ̀ ológun Virginia, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Virginia ń wá nínú ìwé ilé wa?" Mo tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú wọn, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo ti ń kọ bọ̀ yìí fún wọn. Ọkọ rẹ̀ béèrè bóyá ilẹ̀ náà ní ẹjọ́ nídìí. Mo ní kò ní, pé awọnlẹ̀ òde òní ti tún un wọ̀n, ó sì ti ri irin mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyàwó ṣì ń wo àwòrán náà. Ó ní, "Ta ló wá ni ín kí Virginia tó pín in fún ológun?" Mo dárúkọ Shawnee, Mingo, Delaware àti Wyandot fún un. Ó ní kí n bá òun kọ wọ́n sílẹ̀, mo sì kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀yìn ẹ̀dà ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó máa lọ.